Ọmọlójú Mi Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ẹ jẹ́ kí n kí Ọlọ́run ná. Baba, mo dúpẹ́ o! Mo dúpẹ́ ẹsẹ̀ tó gbé mi dé iwájú yìí. Mo dúpẹ́ orí mi tí kò dàrú. Mo dúpẹ́ ojú mi tó là. Mo sì dúpẹ́ ahọ́n mi, nítorí òun gan-an ni mo fẹ́ lò láàárọ̀ yìí.

Alùfáà wa ti rọ̀ mí pé kí n ṣe é ní ṣókí. Ẹ má bínú sí mi, sà. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé mi nínú ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rọ àwọn yẹn pé kí wọ́n ṣe é ní ṣókí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ṣadé tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ní Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọwọ́ mi ni ṣòkòtò wọn ti wá. Ẹ mọ Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, akọ̀wé nídìí rélùwéè. Ṣadé nìkan la bí. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti bí Títílayọ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí wa kí ọmọ náà tó mọ ìrìn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Títí àfi tó bá ṣẹ̀. Ọmọlójú là ń pè é. Ọkọ mi ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́pà tó ń kọjá níwájú ilé ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tíṣà rẹ̀ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe gbogbo orí o. Òkè ojú òsì nìkan ni, bíi pé ẹnì kan jí abẹ́rẹ́ mi, ó wá ń fi rán nǹkan sẹ́yìn ojú mi. Mo ní oòrùn ni. Mo lo kóró oògùn, mo tún ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Ó fi mí sílẹ̀, ó tún padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, ojú ọ̀tún jí, ojú òsì kò jí. Ìpéǹpéjú náà wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já. Mo fi ìka gbé e sókè níwájú dígí. Háà! Ẹyinjú mi ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń wo ìsàlẹ̀ lọ síhà etí, bíi pé òun àti ẹlòmíràn ló jọ ń sọ̀rọ̀. Gbogbo nǹkan sì di méjì. Ilẹ̀kùn méjì, àtùpà méjì. Bàbá Ṣadé wọlé, òun náà di méjì.

Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ ti di méjì o."

Ó ní, "Èwo ló dáa jù nínú wa?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ò tíì fá irùngbọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò di dókítà. Ẹnì kan ní Àpólò ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé Àpólò máa ń pọ́n ojú bí ata ni. Ojú tèmi funfun nini. Ẹnì kan ní ẹ̀gbà ló fẹ́ jà mí, pé kí n má jẹ ohun tútù. Obìnrin kan tí mo rán aṣọ fún ní ṣe ni mò ń ṣẹ́jú sí ọkọ òun. Sí ọkọ yẹn! Èmi tí mo ní ọkọ méjì nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an! Kẹ́mísì ní tiẹ̀ fún mi ní oògùn ojú, ó sì fi pílásítà fa ìpéǹpéjú náà sókè, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí mi, ó ní kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Báyẹn ni mo ṣe dé Ojú Ẹlẹ́gbà, tí mo fẹ́ sọdá. Ẹ rántí pé ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo yín lẹ ń wòtún tí ẹ ń wòsì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan lẹ̀yin ń wò. Èmi ń wo méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, mi ò sì mọ èyí tó máa pa mí nínú wọn. Bàbá Ṣadé já pílásítà náà kúrò, ó fà mí kọjá bí ewúrẹ́, ó ní, "Ó tó. Ọsibítù ló kàn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bá wa lọ. Ìyá Ọ̀yìngbò ni mò ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, ní ìlà kejì. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó dìde. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, kí n má fi ìkankan pamọ́.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò jẹ́ ọmọ Íbò, ẹni jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Sísítà tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ń túmọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò kọjá ti orin ilé ìwé. Dókítà ní kí n fi ojú tẹ̀ lé ìka òun. Ojú ọ̀tún bá a lọ, ó bá a bọ̀. Ojú òsì kọ̀, kò wá síhà imú, kò gòkè. Ó bi mí bóyá mo ṣubú tàbí nǹkan gbá mi lórí. Mo ní rárá. Wọ́n gba ìtọ̀ mi láti wò ó bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Kò sí. Wọ́n ya fọ́tò egungun orí mi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni dókítà yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó tàn án sí ọ̀tún, ó tàn án sí òsì, ó padà sí ọ̀tún, ó tún padà sí òsì. Nígbà tó dé òsì yẹn, ó dúró. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Sísítà túmọ̀ fún mi, nítorí ó lè jẹ́ ti ẹnì kan nínú yín lọ́la. Okùn iṣan kan ń bẹ tó ti inú ọpọlọ jáde wá sí ojú kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Òun ló ń fa ẹyinjú wá síhà imú. Òun náà ló ń pàṣẹ fún dúdú kékeré àárín ojú pé kó súnkì nígbà tí iná bá tàn sí i. Bí okùn yẹn bá dákẹ́, ojú á ṣe bí tèmi ti ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló pa á lẹ́nu mọ́? Ìtọ̀ ṣúgà lè ṣe é. Kí nǹkan gbá èèyàn lórí lè ṣe é. Kókó lè hù nínú orí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wú, kó fara ti okùn náà, bí túùbù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ gọngọ níbi tí táyà ti ya. Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ mọ bí irú túùbù bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí.

Dókítà ní dúdú àárín ojú yẹn ló ń tú àṣírí. Bó bá jẹ́ pé ṣúgà ló fà á, dúdú náà sábà máa ń gbọ́ràn sí iná síbẹ̀, ojú sì lè là fúnra rẹ̀ bí oṣù díẹ̀ bá kọjá. Ṣùgbọ́n bí dúdú náà bá fẹ̀ gbàgà, tí kò mira, tí orí sì ń fọ́ ènìyàn, kí gbogbo ènìyàn máa sáré.

Tèmi fẹ̀ gbàgà.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Dúdú àárín ojú yẹn, kí là ń pè é ní Yorùbá? Mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin tí ẹ lóhùn, ẹ bá mi sọ ọ́ sókè.

Ọmọlójú! Ẹ ṣeun. Ọmọlójú ni.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, Ìyá Ọ̀yìngbò wà ní kọ̀rídọ̀, inú wọn ò balẹ̀. Sísítà jáde sí wọn, ó sì sọ fún wọn pé, "Màmá, ọmọlójú ìyàwó yín ló jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti tóbi jù, kò gbọ́ràn mọ́. Ewu ńlá ń bẹ lórí ìyá yìí o." Bí wọ́n ṣe pe Sísítà síbòmíràn nìyẹn, ó lọ.

Ẹ gbọ́ o, kò sí irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ Sísítà. Etí Ìyá Ọ̀yìngbò náà kò sì di. Wọ́n gbọ́ ọmọlójú. Wọ́n gbọ́ pé ó ti tóbi jù, kò gbọ́ràn mọ́. Wọ́n gbọ́ pé ewu wà lórí ìyá. Kí lẹ̀yin ìbá rò? Wọn ò tilẹ̀ dágbére fún mi. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n tọ Bàbá Àdúrà lọ, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa, tí wọ́n jókòó síwájú níhìn-ín yìí. Bàbá Àdúrà ò bi dókítà. Wọn ò bi Sísítà. Wọn ò bi èmi tí mo ni ojú. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti fi hàn wọ́n tẹ́lẹ̀.

Wọ́n dá mi dúró ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ wọ iṣan ọrùn mi, wọ́n rọ oògùn kan sí i, ó gbóná gòkè lọ sójú mi bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, wọ́n sì ń ya fọ́tò wéréwéré. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, dókítà gbé e síwájú iná, ó pè mí kí n fi ojú kan tó kù wò ó. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ mi bí ẹ̀ka igi. Lórí ẹ̀ka kan, nǹkan kékeré kan wú síta bí èso tí kò tíì pọ́n. Ó fi ìka kàn án. Sísítà ní, "Màmá, òun nìyẹn. Wọ́n máa ṣí orí, wọ́n á dì í lọ́rùn kó tó bẹ́."

Mi ò sunkún. Mo ní Ọlọ́run tó jẹ́ kí wọ́n rí i kò ní sùn lọ níbẹ̀.

Bàbá Ṣadé wá ní àkókò ìbẹ̀wò. Ó bó ọsàn tán, ó dì í mú, kò fún mi.

Mo ní, "Ọmọlójú mi ńkọ́?"

"Ó wà."

"Níbo ló wà?"

"Ìyá Ṣadé, jẹ ọsàn."

"Bàbá Ṣadé, mo ní níbo ni ọmọ mi wà?"

Ó wá tú u sílẹ̀. Ìyá Ọ̀yìngbò ti mú ọmọ náà lọ sílé wọn. Ẹgbẹ́ àdúrà ti fi í sínú ààwẹ̀, ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ pé òun lòun ṣe mí lójú. Wọ́n sì ń múra láti gbé e lọ sí ilé ààwẹ̀ kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, kó máa gbé ibẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ sọ sí i?"

Ó wolẹ̀. "Mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo pe dókítà kékeré kan sẹ́yìn, mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló fi hàn pé ewu wà. Ó ní púpìlì ni."

"Púpìlì?"

"Ìyá Ṣadé, ọmọ ilé ìwé ni púpìlì, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà nílé wa. Pírámárì Tú ló wà."

Ẹ̀yin ará, ó wá yé mi! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ tí orí mi fẹ́ ya, omi sì ń jáde lójú méjèèjì, àti èyí tó là àti èyí tó dé. Sátánì kò tilẹ̀ ṣe wàhálà púpọ̀. Èdè wa àti èdè Òyìnbó ló fi há wa mọ́ àárín.

Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí Ìyá Ọ̀yìngbò àti Bàbá Àdúrà wọlé. Ìgò òróró wà lọ́wọ́ Bàbá Àdúrà.

Wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, a ti mú ọ̀tá náà. Ó ku gbólóhùn kan péré. Sọ pé o kọ ọmọ náà, ojú rẹ á là lórí ibùsùn yìí."

Mo ní, "Mi ò kọ̀ ọ́."

"Ìyá Ṣadé!"

"Mi ò kọ̀ ọ́, sà. Bó bá jẹ́ dandan kí n kọ ẹnì kan lónìí, ẹni náà ò jìnnà sí mi."

Ìyá Ọ̀yìngbò ní, "Ìyàwó mi, má fi agídí pa ara rẹ. Etí mi méjèèjì ni Sísítà sọ ọ́ sí. Ọmọlójú ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró díẹ̀." Mo wá pariwo, "Sísítà!" Gbogbo wọ́ọ̀dù jí.

Sísítà sáré dé. "Màmá, kí ló dé? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń pariwo? Pẹ̀lú orí yìí?"

"Ẹ bá mi fi ọmọlójú mi han ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Ọ̀yìngbò yíjú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rò pé ẹnì kan fẹ́ mú ọmọ wọlé. Sísítà ní, "Ibí ni kí ẹ wò, Màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa." Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ọ̀tún mi. "Ẹ rí dúdú yẹn bó ṣe súnkì? Èyí gbọ́ràn." Ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú òsì. "Ẹ wo ti ibí. Iná rèé, kò mira. Ó ti tóbi jù. Ọmọlójú ọ̀hún nìyẹn."

Ìyá Ọ̀yìngbò wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò nàró.

"Ọmọ... inú ojú?"

"Èwo lẹ rò pé mò ń wí, Màmá?"

Wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n já gèlè kúrò lórí. "Yéè! Mo ti dá ọmọ wa lóró! Mo ti febi pa ọmọ àbúrò mi!"

Ẹ má rò pé Bàbá Àdúrà yí padà o. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Mo ní, "Kí ló ní òun ṣe?"

Ìyá Ọ̀yìngbò ló dáhùn láti ilẹ̀. "A bi í pé ṣé òun ló fọwọ́ kàn ọ́ lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ní kí ló fi sí i. Ó ní tìróò."

Tìróò! Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọmọ náà ló máa ń bá mi fi tìróò sójú. Mo máa ń jókòó sórí àpótí, òun á dúró síwájú mi, á yọ ahọ́n síta bí ẹni tó ń kọ̀wé, á fà á lójú mi. Òun ló sì bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun máa ṣe é. Wọ́n bi ọmọdé léèrè òótọ́, ó sọ òótọ́, wọ́n wá fi òótọ́ rẹ̀ dè é lọ́wọ́. Mo bi Sísítà bóyá tìróò lè fa irú èyí. Ó ní, "Ó ti ṣe máa dé ẹ̀yìn ojú, Màmá? Inú orí ni iṣan ti wú."

Bàbá Àdúrà dé ìgò òróró wọn. Wọ́n ní, "Bó o bá kú sórí tábìlì wọn, ọwọ́ tiwa mọ́."

Mo ní, "Bí mo bá kú, iṣan ló pa mí. Ẹ rántí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ikú ló bà mí lẹ́rù. Mo ti tó ẹni tó lè lọ. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Bí mo bá kú, kò sí tọ́ọ̀ṣì kan láyé yìí tó tún lè dá ọmọ yẹn láre. Ọmọ tó pa ìyá àgbà rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi darúgbó.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọ̀yìngbò fúnra wọn mú un wá. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ wọ́ọ̀dù, nítorí náà Sísítà mú mi jáde sí fàráńdà. Ọmọ náà dúró lókèèrè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ara rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọlójú, kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n má wò yín mọ́, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní tí mo bá wò yín, èkejì náà á dé."

Olúwa, o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn! Mo ní, "Sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wò mí."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìwọ lò ń bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù rẹ. Wá wò mí dáadáa."

Ó la ìka díẹ̀, ó fi wò mí. Ó sún mọ́ mi. Mo fi ìka gbé ìpéǹpéjú mi fún un. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá Àgbà, ojú yín ń wo ibòmíràn."

"Aláìgbọràn ni. Bá mi bá a wí."

Ó na ìka sí i bíi tíṣà. "Ojú! Wá síbí kíá!" Ìyá Ọ̀yìngbò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fá orí mi fún iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀rọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa. Obìnrin tí wọ́n bá fá lórí, opó ni. Àwọn ará ilé ọkọ mi kan ní èèwọ̀ ni, pé mo fẹ́ fi orí fífá pe ikú sí ọkọ mi. Bàbá Ṣadé dìde, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Irun á hù. Orí kì í hù. Ẹ fá a." Ó jókòó padà.

Bí wọ́n ṣe ń tì mí lọ, gbogbo àdúrà gígùn tí mo mọ̀ ló sá kúrò lórí mi. Gbólóhùn kan ló kù. Mo ní, "Ọlọ́run, má jẹ́ kí n kú sọ́rùn ọmọ yìí." Mò ń sọ ọ́ títí oògùn fi mú mi lọ.

Halelúyà! Ẹ gbọ́ mi? Mo ní halelúyà!

Mo jí. Wọ́n ní nǹkan náà ti fẹ́lẹ́ débi tí dókítà fi rí ẹ̀jẹ̀ tó ń yí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ́ títí wọ́n fi dì í lọ́rùn. Ta ló dì í mú látọjọ́ tí mo ti ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, tí mò ń sọdá Ojú Ẹlẹ́gbà, tí mò ń pariwo mọ́ Bàbá Àdúrà? Ẹ dá mi lóhùn! Àwọn kan ti bi mí lójú ọ̀nà pé ṣé Ọlọ́run ló wò mí sàn ni àbí dókítà. Ìbéèrè yẹn ti sú mi. Ta ló dá dókítà? Ta ló jẹ́ kó tún dá iná padà sí ojú òsì lẹ́ẹ̀kan sí i? Ọlọ́run mi kì í jowú tọ́ọ̀ṣì.

Ojú náà ò là lọ́jọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ ìyanu mọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìpéǹpéjú kọ́kọ́ gbéra, mo rí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹyinjú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá síhà imú, ohun méjì ń sún mọ́ra wọn títí wọ́n fi di ọ̀kan. Bàbá Ṣadé di ẹyọ kan padà. Ọmọlójú òsì ṣì tóbi ju èkejì díẹ̀, dókítà ní ó lè wà bẹ́ẹ̀. Kó wà. Mo ti ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an nìyí. Mo ti padà sílé, mo ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti ń kí mi kú ewu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa Títílayọ̀ nínú ìpàdé Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó tíì kó o kúrò nílẹ̀. Ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ǹṣì kan odidi, òun nìkan ló ń jókòó sí i. Àwọn ọmọ yín ń sọ fún un pé màmá àwọn ní kí àwọn má sún mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bi mí bóyá òun lè máa wá jókòó ti ẹgbẹ́ àgbàlagbà. Ẹ̀ ń yọ̀ mọ́ mi, ẹ sì ń sá fún ọmọ mi. Irú ayọ̀ wo nìyẹn?

Ọmọlójú mi, dìde. Wá síbí. Má wolẹ̀, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará, mo ti sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ògo rẹ̀ ni, mi ò bá a pín in. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi jó lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá wa jó, ọwọ́ ọmọ yìí ni kó wá dì mú, kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dìde? Ẹ ṣeun, Ìyá Ọ̀yìngbò. Ọlọ́run á gbé yín dìde. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún mú.

Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ má tíì gbé orin. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣófo. Bàbá Àdúrà, ojú méjèèjì ni mo fi ń wò yín, sà. A ń dúró.